Oró Kòkòrò Tí Mo Fi Pa Ojú Lọ sí Bọ́dà

Pẹ̀lúmi ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ìbàdàn, ṣé o ń jẹun dáadáa? Gbogbo wa ní Òkè-Ọ̀dàn ń kí ọ, ewúrẹ́ funfun ti bí ìbejì, Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi Ifákẹ́mi, tí wọ́n wà nílé ọkọ lódìkejì bọ́dà, ṣubú nídìí kànga, ó sì ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn ò lè dìde jókòó. Mo gbéra, mo dé Tube létí bọ́dà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti ti bọ́dà pa, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ò gbà kéèyàn kọjá bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀gá kan gba káàdì ìdìbò mi, ó wo fọ́tò, ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ojú ẹni inú káàdì yìí ò tíì hunjọ, kí Màmá lọ mú un wá. Mo sunkún délé.

Ìgbà náà ni mo rántí ohun tí o sọ lórí fóònù, pé kòkòrò tó ń jẹ òdòdó ẹ̀wà lóko wa, oró rẹ̀ lẹ ń yẹ̀ wò ní yunifásítì, bóyá ó lè ṣe awọ ara tó ti gbó lóore. O ní inú abọ́ dígí ni awọ náà wà. Ta ló yọ awọ tirẹ̀ fún yín? Ẹ bá mi kí i o, kó má jẹ́ kí òtútù mú òun. O ní iṣẹ́ náà ò tíì parí, mo rò pé ẹ kàn ń fà á ni. Mo mú kòkòrò mẹ́ta, mo lọ̀ wọ́n pọ̀ mọ́ òrí, mo fi pa iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Nígbà tí mo jí, ojú mi ti léròrò, ó wú bí àkàrà inú epo, ó sì ń ta mí. Mo lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá yẹn rí mi, ó fẹ̀yìn rìn, ó ní kí lèyí. Mo ní iṣẹ́ yunifásítì ni, kó fi wé káàdì. Ó ní kí n máa lọ kíákíá, kí n má mú káàdì kankan jáde.

Àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sá fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi wò mí láti orí ẹní, wọ́n ní Rẹ̀mílẹ́kún, kí lo tún lọ fi pa ojú. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ìrora. Nígbà tí mo ròyìn tán, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n di apá mi mú, wọ́n dìde jókòó.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn ojú mi àti ọkọ̀ tí n ó fi padà lọ wò wọ́n. Ọlọ́run yóò gbé ọ ga, wàá bí àwọn ọmọ tí yóò fẹ́ràn ara wọn. Bí àwọn ọ̀gá rẹ bá sì bi ọ́ ní ohun tí oró kòkòrò náà lè ṣe, kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn pé kò tún ojú mi ṣe, ṣùgbọ́n ó mú ẹ̀gbọ́n mi jókòó.

Èmi ìyá rẹ,
Rẹ̀mílẹ́kún