Màmá Kòlèjá àti Ògiri Alájà Mẹ́fà

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ọdún 1941 ni a bí Màmá, nínú ilé oníyàrá méjì tó wà lẹ́yìn gáréèjì àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Awakọ̀ akẹ́rù ni bàbá tó bí wọn, aránṣọ sì ni ìyá wọn. Àwọn ni àbígbẹ̀yìn, àwọn nìkan sì ni obìnrin láàárín ọkùnrin mẹ́rin, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n tètè mọ bí a ti ń jà fún àyè lórí ẹní. Ìdílé tí kì í fi iṣẹ́ ọwọ́ ṣeré ni wọ́n ti jáde wá. Àwọn tó mọ bàbá wọn sọ pé ojú Màmá jọ tirẹ̀, ohùn wọn náà sì jọ tirẹ̀, pàápàá nígbà tí inú bá ń bí wọn.

Ní ọdún 1948, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò yé wọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ ẹ̀kọ́ abẹ́rẹ́ nìkan ni wọn kì í pẹ́ dé. Nígbà tí wọ́n jáde ní 1955, wọ́n jókòó ti ìyá wọn nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò pẹ́ tí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fi sú wọn. Lọ́jọ́ kan, tapólì tí bàbá wọn fi ń bo ẹrù ọkọ̀ ya, gbogbo aránṣọ àdúgbò sì kọ̀ ọ́ nítorí pé ó le ju ẹ̀rọ wọn lọ. Màmá tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú gáréèjì, wọ́n jókòó lé e lórí, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ ńlá àti okùn tí wọ́n fi ìda pa rán an látàárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ apá kan mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì fa apá kejì, wọ́n ní, "Kò lè já." Àwọn awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí, orúkọ yẹn náà sì ni wọ́n ń pè wọ́n láti ọjọ́ náà. Iṣẹ́ tapólì yìí ni Màmá fi bọ́ ọmọ, òun náà ni wọ́n fi rán wọn lọ sí ilé ìwé.

Ní ọdún 1962, wọ́n fẹ́ ọkọ wọn, bíríkìlà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́. Tapólì tó fi ń bo sìmẹ́ǹtì ló kọ́kọ́ gbé wá fún wọn láti rán. Tapólì kan ṣoṣo yìí ya, ó tún ya, ó sì tún ya, títí Màmá fi fura pé kì í ṣe ìṣó ló ń ya á, ọ̀bẹ ni. Wọ́n ní kó kúkú sọ ohun tó bá fẹ́ sọ, kó má ba aṣọ jẹ́ mọ́. Ọkùnrin kan àti obìnrin méjì ni Ọlọ́run fi dá wọn lọ́lá.

Ní ọdún 1971, bíríkìlà náà ń rẹ́ ògiri ilé alájà mẹ́fà tó wà nítòsí ibùdókọ̀ nígbà tí pákó tó dúró lé yẹ̀. Kò padà wálé mọ́. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni Màmá. Wọ́n mú àkọ́bí wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n ní kó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní ṣe iṣẹ́ kankan tó máa gbé òun ga ju òrùlé ilé wọn lọ, ọmọ náà sì jẹ́jẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà, Màmá ò tún gba iwájú ilé alájà mẹ́fà yẹn kọjá. Bí wọ́n bá fẹ́ wọkọ̀, ibùdókọ̀ kejì ni wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ, ìbáà jẹ́ nínú òjò.

Ọmọ náà dàgbà, ó sì di ayàwòrán. Ó ń kọ pátákó fún àwọn onísọ̀, ó ń ya àwòrán sára bọ́ọ̀sì, iṣẹ́ rẹ̀ sì dùn ún wò. Àwọn tó ní ògiri gíga wá a wá lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ń dá wọn padà. Àwọn kan rò pé ojo ni. Kò bá wọn jiyàn.

Ní ọdún 2009 ni àwọn tó ni ilé alájà mẹ́fà yẹn gan-an wá bá a. Wọ́n fẹ́ kó ya àwòrán bo gbogbo ògiri ẹ̀gbẹ́ ilé náà látòkè délẹ̀, ògiri tí bàbá rẹ̀ ń rẹ́ lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sọ fún, ìyàwó sì sọ fún Màmá. Màmá ní, "Ògiri yẹn ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Kò ní rí èkejì." Ọmọ ní, "Ó ti tán, Màmá." Ó jẹun rẹ̀, ó sì lọ.

Kò tíì tán rárá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bọ́ọ̀sì tí Màmá wọ̀ ṣì wọ́n gbé lọ sí iwájú ilé náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ọmọ wọn tó dúró sí òdìkejì títì, tó na àtàǹpàkò sókè, tó fi ń wọn ògiri, tí ètè rẹ̀ ń mì bíi ti ẹni tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Kò rí wọn. Wọ́n dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ́, wọn ò pè é. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n fa tapólì tó le jù lọ nínú ìsọ̀ jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gé e.

Bẹ́líìtì ni wọ́n rán, ìlọ́po mẹ́ta, tó gba èjìká kọjá, tó gba itan kọjá, tó ní òrùka irin lẹ́yìn fún okùn. Wọ́n so ó mọ́ igi àjà ìsọ̀ wọn, wọ́n sì jókòó sínú rẹ̀ fúnra wọn, ẹsẹ̀ wọn ò kanlẹ̀. Àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń kí ìyá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin tó ń mì dirodiro, ìyá náà sì ń dá wọn lóhùn láìbọ́ sílẹ̀. Nígbà tó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n ránṣẹ́ pe ọmọ wọn. Wọ́n ní, "Lọ ṣe iṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n èmi ni n óò máa so ọ́."

Wọ́n sì so ó ní àràárọ̀. Kọngílá tó gba iṣẹ́ ilé náà ní kò yẹ kí ìyá àgbà máa wọ ibi iṣẹ́. Màmá ní kò yẹ kí kọngílá máa da aboyún láàmú, nítorí pé látọjọ́ tí àwọn ti bí ọmọ yìí ni àwọn ti ń gbé oyún rẹ̀ kiri. Ọ̀rọ̀ náà ò yé ọkùnrin ọ̀hún, ṣùgbọ́n ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ayàwòrán náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Ọmọ Ìyá Ẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí ojú tì í, ó so ara rẹ̀ kí Màmá tó dé. Màmá ò bá a wí. Wọ́n tú gbogbo rẹ̀, wọ́n sì tún un so. Bí wọ́n bá ti fa okùn náà wò tán, àdúrà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà: "Olúwa, mo ti so tèmi. Ó ku tìrẹ."

Àwòrán náà ni ti àwọn ènìyàn tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀: nọ́ọ̀sì, awakọ̀, olùkọ́, bíríkìlà. Lórí bíríkìlà yìí ni Màmá ti bá ọmọ wọn jà láti ìsàlẹ̀. Wọ́n pariwo pé bíríkìlà wo ló ń wọ ṣòkòtò tó mọ́ tó báyẹn, kó fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ sí i lórúnkún. Ó sì fi í sí i, ẹ lè lọ wò ó.

Nígbà tí apá òkè parí, Màmá ní àwọn fẹ́ gòkè. Ọmọ wọn ló so wọ́n lọ́jọ́ náà. Wọ́n gba àtẹ̀gùn inú ilé, wọ́n ń sinmi lájà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bọ́ sórí pákó tó ga jù. Gbogbo ènìyàn rò pé àwòrán ni wọ́n fẹ́ wò. Màmá kọ ẹ̀yìn sí àwòrán, wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ìlú. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì gba ilé lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá ò wá. Ọmọ wọn fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sáré wálé, ó rò pé ara wọn ò yá. Ó bá wọn nídìí tapólì. Wọ́n wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé o ò lọ́wọ́ ni? Lọ so ó fúnra rẹ."

Láti ìgbà náà, ayàwòrán yìí ti ya ògiri gíga ní ìlú tó pọ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí wọkọ̀ ní ibùdókọ̀ iwájú ilé alájà mẹ́fà, bí wọn ò tilẹ̀ níbì kankan lọ, kí wọ́n lè máa sọ fún àlejò pé, "Ọmọ mi ló ya èyí." Nínú ìjọ, àwọn ni wọ́n ń tún àgọ́ àdúrà ṣe. Bí ìjì bá ṣí òrùlé ẹnikẹ́ni ládùúgbò, tapólì Màmá ló ń kọ́kọ́ débẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ti di ọ̀gá káàkiri.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 2024, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, Màmá sùn lọ nínú ilé wọn. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ lọ: ayàwòrán, olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì, ìyàwó ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn bí ọmọ inú wọn, ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tó ń kọ́ ìrìn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ẹbí fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí Màmá lò kẹ́yìn, àbígbẹ̀yìn wọn, nọ́ọ̀sì, bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí lórí pákó lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní:

"Ilé wa ni mo rí. Ẹ̀yìnkùlé, okùn tí mo ń sá aṣọ sí, gbogbo rẹ̀ ló hàn kedere. Nígbà tí bàbá yín ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n á dé lálẹ́, wọ́n á ní mo sùn lọ́sàn-án, wọ́n á ní mo bá ọmọ jà nídìí aṣọ. Inú á máa bí mi. Mo rò pé ará ilé kan ló ń rojọ́ mi. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń wò mí látòkè ni. Gbogbo ọdún tí mo fi sá fún ògiri yẹn, mo rò pé ẹ̀rù nìkan ni wọ́n rí kẹ́yìn."

Ọmọ wọn béèrè pé kí ni Bàbá wá rí. Màmá ní, "Mo ń sá aṣọ lọ́jọ́ tí pákó yẹ̀."

Ẹ sùn re o, Màmá Kòlèjá. Ẹ bá wa kí Bàbá. Àwa tí ẹ fi sílẹ̀ ti so tiwa, ó ku ti Olúwa.