Bí Mo Ṣe Fi Kànrìnkàn Ha Mọ́tò Ọ̀gá Mi

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níbi tí mo wà ní Ìsọlọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ yàrá mi kò gbà mí tán, ẹsẹ̀ mi ti kan ilẹ̀kùn. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ìyàwó ilé. Mo kí tíṣà tó ń ka ìwé yìí fún yín. Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á sókè ní gbangba, kí gbogbo agboolé gbọ́, nítorí n kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pamọ́ mọ́.

Lámídì ni ó ń bá mi kọ ọ́. Ará Ìkìrun ni, ilé kejì sí tiwa ni ó ń gbé, iṣẹ́ kíkun mọ́tò lọ́dà ni ó sì ń ṣe lẹ́bàá títì ní Apákún. Ó kàwé dé kíláàsì kẹrin. Mo ní kó kọ gbogbo ohun tí mo bá sọ, kó má bá mi tún un ṣe, kódà bí mo bá bú u.

Ẹ rántí pé mo ránṣẹ́ sí yín pé mo ti kúrò nídìí ẹrù rírù ní Òṣòdì, pé mo ti di aṣọ́lé fún kọngílá kan tó ń ta sìmẹ́ńtì. Owó ti pọ̀ nígboro, Bàbá. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ́dún tó kọjá, mọ́tò ló ń wà báyìí. Gbogbo ibi ni wọ́n ti ń kọ́ ilé, tí wọ́n ti ń la títì, erùpẹ̀ pupa sì ń wọ inú oúnjẹ ẹni. Yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ géètì ni ọ̀gá fún mi. Iṣẹ́ ló ni yàrá náà; bí iṣẹ́ bá bọ́, yàrá bọ́. Ẹ̀yin náà sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí lọ́jọ́ tí mo di ẹrù mi, pé ẹni tó bá fi oko kòkó sílẹ̀ lọ ṣe aláàárù ní Èkó, kó má padà wá kan ilẹ̀kùn yín.

Iṣẹ́ náà kò le. Ìdáwà ni ó le. Ọ̀gá á jáde láàárọ̀. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wà ní Ìbàdàn. Bí mo bá fẹ́ tẹ ẹ̀bà, ọwọ́ mi ṣì ń wọn gàárì ènìyàn mẹ́fà, èmi nìkan ni n óò sì jẹ ẹ́ títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, mo sáré jáde láti wo bí ilẹ̀ ṣe mu omi tó, kí n tó rántí pé kọnkéré ni gbogbo àgbàlá. N kò rí ẹni tí mo lè sọ fún pé òjò gbíngbìn nìyí. Mọ́tò ọ̀gá ni mo máa ń kí ní òwúrọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mọ́tò tuntun ni, búlúù rẹ̀ jìn bí aṣọ tó mu aró yó. Èmi ni mo ń fọ̀ ọ́.

Ìyá mi, kànrìnkàn tí ẹ fi rán awakọ̀ ìlú wa dé ọwọ́ mi, òun àti ọṣẹ dúdú. Lọ́sẹ̀ náà gan-an ni ọ̀gá wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Kàdúná fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó fi mọ́tò sílẹ̀, ó ní kí n fọ̀ ọ́ dáadáa kóun tó dé. Ẹrẹ̀ pupa ojú títì ti gan mọ́ ọn lára, oòrùn sì ti yan án. Aṣọ tí mo fi ń nù ún kò ran án. Mo wá rò ó pé ohun tó ń bọ́ ẹrẹ̀ oko lẹ́sẹ̀ bàbá mi láti kékeré mi, kò ní ṣàì bọ́ ẹrẹ̀ lára mọ́tò. Mo ti kànrìnkàn bọ omi, mo fi ọṣẹ dúdú sí i, mo sì fi gbogbo agbára ha á, yíká-yíká, bí ẹ ṣe ń ha ìdí ìkòkò. Mo tún ń kọrin. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bó ti dùn láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí òórùn ọṣẹ náà mú kó dà bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé wa ni mo wà.

Nígbà tí ó gbẹ ni mo rí i. Gbogbo ìdérí ẹ́ńjìnnì kún fún ìlà funfun wínníwínní, bí àgbàlá tí adìyẹ ti tan kiri. Lára ilẹ̀kùn, òkúta kékeré kan tó há sínú kànrìnkàn ti fa ìlà kan tó gùn tó ìka mi, tó jìn débi pé irin fẹ́ẹ̀ yọjú. Mo tún fọ̀ ọ́, bóyá yóò lọ. Mo fi òróró pa á, ó dán. Omi kàn án, ìlà tún yọ.

Mo sáré lọ pe Lámídì. Ó yí mọ́tò náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó di ikùn mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní Bàbá Àgbẹ̀, ṣé ẹ wẹ̀ ẹ́ fún ìkómọ ni, ẹ ò kúkú fi osùn kùn ún? Ó ní òun ti rí mọ́tò tó kọlu igi, òun ti rí èyí tó já sódò, òun kò tíì rí èyí tí wọ́n fi kànrìnkàn kọ nílà rí. Mo fi kànrìnkàn náà hàn án, mo ní ìyá mi ló fi ránṣẹ́. Ó gbà á, ó gbé e símú. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó béèrè bóyá mo lè bù díẹ̀ fún òun. Mo ya ìdajì fún un.

Inú àgbàlá níbẹ̀ ni a ti tún un ṣe. Ó ní kí a tì í sábẹ́ ìbòòji, pé oòrùn máa ń mú kí ìpara tí a ó fi nù ún gan mọ́ ọ̀dà. Ó fi èékánná gba orí àwọn ìlà náà kọjá. Ó ní èyí tí èékánná bá yọ̀ lórí rẹ̀, awọ òkè nìkan ló bó, nínù lásán ni yóò mú un lọ. Èyí tó bá mú èékánná, àfi ọ̀dà. Gbogbo ti iwájú ni èékánná yọ̀ lórí rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún èékánná Lámídì. Ti ilẹ̀kùn nìkan ni ó mú un.

Ó gbé ìpara kan wá nínú agolo. Ó rí bí ẹ̀kọ tútù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìka pa á, ẹ óò mọ̀ pé yanrìn kíkúnná wà nínú rẹ̀. Ó ní kí n wá aṣọ tó gbó dáadáa. Èyí tó gbó jù lọ́wọ́ mi ni bùbá tí mo wọ̀ kúrò nílé. Mo fà á ya. Ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ni à ń nù lẹ́ẹ̀kan. Ó ń pariwo mọ́ mi pé kí n rọra, pé ebè kọ́ ni mo ń kọ. Ọjọ́ méjì ni a fi ṣe é, kó tó lọ síbi iṣẹ́ àti nígbà tó bá dé. Ní ọjọ́ kẹta mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Ojú náà ti gbó ju bí mo ṣe rò lọ.

Ti ilẹ̀kùn ni kò rọrùn. Lámídì fi sáńpépà tó ti rẹ sínú omi nù ún fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó po ọ̀dà búlúù pọ̀ mọ́ dúdú díẹ̀, ó fi ẹnu ìyẹ́ adìyẹ fà á sínú ìlà náà bí ẹni tó ń lé tìróò. Ó gbẹ, ó tún fà á, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Lábẹ́ ìbòòji, ẹ kò lè mọ̀. Nínú oòrùn, ibẹ̀ dúdú ju ara yòókù lọ. Lámídì ní kí n panu mọ́, pé olówó kì í wo mọ́tò ara rẹ̀, àwa tí a kò ní ni à ń wò ó.

Ọ̀gá dé ní ọ̀sán gangan. Ó yin iwájú mọ́tò, ó ní ó ń dán ju ọjọ́ tí òun rà á lọ. Ó na ọwọ́ láti ṣí ilẹ̀kùn, ó sì dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ibẹ̀. Opó kan wà, Ìyá Ṣèyí, tó ń ta igi ìdáná lẹ́nu géètì wa, tí ọ̀gá gbà láàyè kó máa to igi rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri nínú àgbàlá. Ó ń kọjá lọ pẹ̀lú ìdì igi lórí. Ọ̀gá wo igi, ó wo ilẹ̀kùn, ó ní a ti rí i. Ó ní igi rẹ̀ ló ha mọ́tò òun, ó sì wá lọ pe ẹni tó bá a fi ọ̀dà bò ó. Ó ní kó kó gbogbo igi rẹ̀ kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá Ṣèyí sọ ìdì kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo búra. Ọ̀gá ní kó dìde, kó máa kó igi.

Bàbá mi, n kò ní parọ́ fún yín. N kò sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀ ni mo ń wò. Yàrá mi ni mo ń rò, àti ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ. Ìyá Ṣèyí ti gbé ìdì kẹta jáde kí ahọ́n mi tó tú. Mo ní Ọ̀gá, èmi ni. Mo sọ ti kànrìnkàn, mo sọ ti ìpara, mo sọ ti ìyẹ́ adìyẹ. Ó béèrè ẹni tó kùn ún, mo ní èmi náà ni. Ó ní irọ́ ni, ọwọ́ àgbẹ̀ kò lè ṣe èyí. N kò dárúkọ Lámídì.

Kò pariwo. Ó ní nítorí pé mo jẹ́wọ́, òun kò ní pe ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n nítorí pé mo fi gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí bò ó mọ́lẹ̀, òun kò lè sùn kí n máa ṣọ́ òun mọ́. Kí n jáde ní òpin oṣù.

Mo yíjú sí Ìyá Ṣèyí, mo rò pé yóò dúpẹ́. Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó ní Bàbá Géètì, ẹ wá dúró wò mí títí mo fi kúnlẹ̀? Ó ré mi kọjá. Ọjọ́ karùn-ún rèé tí kò dáhùn ìkíni mi, bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí Lámídì, òun nìkan ló máa ń béèrè bóyá mo sùn dáadáa.

Ọ̀gá Lámídì ní Apákún ti ní kí n wá kọ́ iṣẹ́ ọ̀dà. Orí páálí nínú ṣọ́ọ̀bù ni n óò máa sùn títí n óò fi rí yàrá ní Èjìgbò. Ewú ti wà lórí mi, mo sì ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi sáńpépà nu irin. Ẹ óò ní olóríkunkun ni mí. Ta ni mo fi jọ?

Nítorí náà, n kò kọ̀wé pé mo ń bọ̀ wálé. Mo kọ ọ́ nítorí pé gbogbo ìwé tí mo ti ń kọ láti ọjọ́ yìí, ẹ kò fèsì sí ọ̀kan. Ẹnu awakọ̀ ni mo ti ń gbọ́ pé ara yín le. Mo mọ̀ pé ẹ óò ní ẹ ti sọ fún mi. Ẹ sọ ọ́, Bàbá. Ẹ pe tíṣà, ẹ jókòó, ẹ bú mi láti òwúrọ̀ títí ebi yóò fi pa yín, kí tíṣà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kó má yọ ọ̀kan kúrò. Lámídì yóò kà á fún mi. Tó bá sì kà á tán, n óò ní kó tún un kà.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí kòkó yín rà lórí igi. Ẹsẹ̀ yín yóò máa gbé yín lọ sóko, yóò sì máa gbé yín bọ̀. Ìyá mi, ẹ óò jẹun ọmọ, ojú yín yóò sì rí mi. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, tọmọdé tàgbà, ẹ kí àwọn tó wà lóko, ẹ kí ẹni tó bá béèrè mi àti ẹni tí kò béèrè.

Èmi ni, ọmọ yín,
Àjàní