Òkúta Ìsun Ẹlẹ́fun Tí Mo Gbé Sórí Tábìlì

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti Kàdúná níbí, bí ẹ kò tilẹ̀ rí mi. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ tó máa ń dùn yín lówùúrọ̀ ti ń san? Ẹ bá mi kí àwọn bàbá wa nínú agbo ilé, ẹ kí àwọn ìyàwó ilé, ẹ sì kí Rónkẹ́ àbúrò mi tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Rónkẹ́, jọ̀wọ́, má fo ọ̀rọ̀ kankan. Mo mọ̀ ọ́. Tí o bá dé ibi tó le, wàá fẹ́ fò ó.

Ẹnu yóò yà yín pé inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni lẹ́tà yìí ti jáde, tí kò wá nínú àpòòwé bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ yín ni, ìyá mi. Tí mo bá kọ ọ́ sí yín níkọ̀kọ̀, ẹ máa gbọ́ ọ, ẹ máa sunkún, ẹ máa ká a sábẹ́ ìrọ̀rí, ọ̀rọ̀ náà á sì parí síbẹ̀, nítorí ẹ kò ní fẹ́ kí ayé fi ọmọ yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n gbangba ni wọ́n ti ba orúkọ ẹnìkan jẹ́ nítorí mi. Gbangba náà ló yẹ kí n ti tún un ṣe.

Ara mi le, mo dúpẹ́. Sabon Tasha ni mo ṣì wà, nílé Ìyá Jọkẹ́. Kàdúná ni wọ́n bí Ìyá Jọkẹ́ sí, Yorùbá ẹnu wọn sì dùn ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bá àwọn ọmọ wọn sọ ọ́, Haúsá ni àwọn yẹn fi ń dáhùn. Nítorí náà èmi ni wọ́n máa ń pè tí wọ́n bá fẹ́ kí ẹnìkan fi Yorùbá dá wọn lóhùn, kódà tó bá jẹ́ ìbáwí ni. Ọyẹ́ ti dé. Ọyẹ́ ibí kò jọ tiwa. Ètè á là, eruku á wọ inú omi mímu, ènìyàn á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì borí láàárọ̀, á tún máa làágùn lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí a bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí oníkálukú bá bá ará ilé rẹ̀ lọ, èmi nìkan á rìn yí gba ọ̀nà Kamazou kí ọjọ́ lè tètè lọ.

Ẹ máa ń béèrè irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe gan-an, mo sì máa ń sọ pé ọ́fíìsì ni. Iṣẹ́ náà rèé. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ni wá, a máa ń yẹ òkúta wò fún àwọn tó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Ọ̀gá wa, Málàm Sání, ló mọ òkúta. Èmi ni mo máa ń ya máàpù: odò, òkè, ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú gègé àti rúlà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ya ilẹ̀ onílẹ̀ láìsí ẹni tó bi mí léèrè ilẹ̀ tèmi. Bayarabe ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, ọmọ Yorùbá nìyẹn, ó sì tó wọn.

Ẹ rántí òkúta tí ẹ fún mi lọ́jọ́ tí mo ń lọ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìsun Ẹlẹ́fun ní ìdájí, ẹ mú òkúta funfun kan nínú omi, bí gbogbo ìyá ìlú wa ṣe ń ṣe fún ọmọ tó bá ń re àjò. Ẹ ní kí n tọ́jú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí, kí n má fi han àlejò, àti pé ọjọ́ tí mo bá fi ọwọ́ ara mi dá a padà sínú omi náà ni ìlú tó máa kà mí sí ẹni tó dé. Lọ́dún tó kọjá, atẹ́gùn ọyẹ́ ń fọ́n ìwé mi ká lórí tábìlì. Mo wá ohun tí mo lè fi tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, mi ò rí. Ni mo bá yọ òkúta yín nínú àpótí, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ìwé lásán ni mo torí rẹ̀ ṣe ohun tí ẹ ní kí n má ṣe.

Málàm Sání rí i. Wọ́n gbé e yẹ̀ wò, wọ́n fi ọ̀bẹ họ ọ́, wọ́n mú ìgò ásíìdì, wọ́n kán ẹ̀kán kan sí i lórí. Òkúta náà hó yeye bí ọṣẹ. Wọ́n ní òkúta ẹfun gidi ni, irú èyí tí wọ́n ń lọ̀ tí wọ́n ń sun láti fi ṣe sìmẹ́ńtì. Wọ́n tún fi awò hàn mí pé ìkarahun wà nínú rẹ̀, kékeré báyìí, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Wọ́n ní òkun ló wà níbẹ̀ láyé àtijọ́, àwọn ẹ̀dá inú omi ń kú, ìkarahun wọn ń jókòó lé ara wọn lórí títí ó fi di òkúta. Òkun, ìyá mi, lóko ẹ̀gẹ́ yín! Mo rẹ́rìn-ín, mo ní tí ẹ bá gbọ́, ẹ máa ní kí n yé mu ọtí. Ìgbà náà ni Málàm Sání gbójú sókè, wọ́n ní, “Wale, wannan dutse, daga ina?” Ibi tí òkúta náà ti wá ni wọ́n ń béèrè. Ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè ilé mi ní Kàdúná nìyẹn.

Mo sọ ọ́. Ì bá dára ká ní mo dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ní ṣé mo lè ya ibẹ̀, mo sì fi ọjọ́ méjì yà á láti inú orí mi, láìwo ìwé kankan. Mo ya ọ̀nà láti títì wá. Mo ya igi iṣin Ìyá Àgbà, mo ya oko ẹ̀gẹ́ yín, mo ya Ìsun Ẹlẹ́fun. Orúkọ tí a ń pe ibi kọ̀ọ̀kan nílé ni mo kọ sí i. Nígbà tí mo dé orí òkúta pẹrẹsẹ tó wà lókè ìsun, níbi tí Bàbá ti ṣubú lọ́jọ́ tí wọ́n ń ti oko bọ̀, tí wọn ò sì dìde mọ́, mo kọ Ìdúró Bàbá. Ẹ kì í sọ pé Bàbá kú síbẹ̀. Ẹ máa ń ní ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Ẹ̀yin, èmi, Rónkẹ́ àti Bọ̀ọ̀dá Àkànbí àbúrò yín, àwa mẹ́rin péré la mọ orúkọ yẹn. Àárò ilé ló ń sọ mí tí mo fi kọ ọ́. Bí mo ṣe ń kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ńṣe ló ń ṣe mí bíi pé mo ń rìn bọ̀ wálé.

Nígbà tí òjò fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn oníbàárà kan wá, wọ́n ń wá òkúta ẹfun fún ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀. Málàm Sání yọ máàpù mi jáde. Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣe àdàkọ rẹ̀ fún wọn. Mo rí Ìdúró Bàbá níbẹ̀, mi ò pa á rẹ́. Mo ń tan ara mi pé wọ́n á la títì fún wa, wọ́n á gbé iná wá. Ọ̀gá yìn mí lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n sì gbé fáànù kan sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi. Ẹni tó bá mọ ooru Kàdúná lóṣù kẹrin á mọ̀ pé fáànù kì í ṣe nǹkan kékeré. Mo ta ilé mi, fáànù ni mo gbà.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà Rónkẹ́ dé. Ó ní àwọn àjèjì mẹ́ta wọ inú oko pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, wọ́n ń kan pẹ́ẹ̀gì mọ́lẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì bi yín pé níbo là ń pè ní Ìdúró Bàbá. Ó ní abọ́ ẹ̀gẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín. Ó ní ẹ kò bá wọn jà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ ń sọ títí ilẹ̀ fi ṣú: “Ta ló fi ibi tí ọkọ mi dúró sí lé àjèjì lọ́wọ́?”

Agbo ilé sì wá ẹni tí wọ́n máa dì í rù. Bọ̀ọ̀dá Àkànbí ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì rí níbi tí wọ́n ti ń fi dáínámáìtì fọ́ òkúta, kí ariwo rẹ̀ tó lé wọn wálé, ẹnu wọn kì í sì í gbọ́ràn tí wọ́n bá ti mu ẹmu. Ó tó ẹ̀rí lójú ẹbí. Wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n ní ẹni tó bá ta ilẹ̀ òkú kò gbọdọ̀ wọ ilé alààyè mọ́. Bọ̀ọ̀dá Àkànbí búra títí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ahéré oko ni wọ́n ń sùn báyìí. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, wọ́n fi mẹ́ta ránṣẹ́ sí yín, ẹ sì dá a padà. Ìyá mi, ẹni tó gbé Bàbá sẹ́yìn láti orí òkúta yẹn wálé nìyẹn o. Èmi ò sí nílé lọ́jọ́ náà. Bọ̀ọ̀dá Àkànbí nìkan ló gbé wọn.

Kí ni mo ṣe nígbà tí mo ka lẹ́tà yẹn? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mo kọ̀wé padà pé inú mi bàjẹ́ gan-an, mo sì fi àdúrà parí rẹ̀, pé kí Ọlọ́run tú àṣírí ẹni tó ṣe iṣẹ́ ibi yìí. Rónkẹ́ ní wọ́n kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ẹbí, gbogbo yín sì ṣe àmín. Mo mọ ẹni tí àdúrà náà ń bá wí, mo lẹ àpòòwé pa, mo fi ránṣẹ́. Oṣù mẹ́rin rèé. Ìyá Jọkẹ́ gún iyán fún mi lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mi ò lè gbé e mì. Wọ́n rò pé ibà ló ń ṣe mí. Iṣu mẹ́ta yẹn ni mo ń rò. Ojú ń tì mí, ìyá mi, ojú ń tì mí gan-an.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Málàm Sání. Wọ́n ní Allah ya kiyaye, kí Ọlọ́run ṣọ́ wa. Wọ́n ní òjò ló máa ń jẹ òkúta ẹfun díẹ̀díẹ̀ títí inú rẹ̀ á fi ní ihò, inú ihò yẹn sì ni omi ìsun wa ń gbà kó tó yọ síta. Tí wọ́n bá fi dáínámáìtì fọ́ òkúta nítòsí, omi náà lè gba ibòmíràn lọ, kò sì sẹ́ni tó lè pè é padà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní pẹ́ẹ̀gì kì í ṣe ìwé àṣẹ. Ìlú lè kọ̀wé sí ìjọba nísinsìnyí pé kí wọ́n yọ ìsun àti ilẹ̀ tó yí i ká sílẹ̀. Àwa méjèèjì jókòó ya máàpù kejì tó fi ọ̀nà omi náà hàn, Málàm Sání sì kọ àlàyé tiwọn mọ́ ọn. Mi ò lè ṣèlérí pé wọ́n máa gbọ́. Ó wà nínú ìdì tí awakọ̀ máa gbé fún yín, kí àwọn bàbá wa má jẹ́ kó pẹ́ nílé. Mi ò kọ Ìdúró Bàbá sí èyí.

Owó díẹ̀ wà nínú ìdì náà fún oògùn ẹsẹ̀ yín. Ẹ má rò pé mo fi ń tù yín lójú. Mo máa ń ronú kan ilẹ̀ yàrá yín, èyí tí mo ra sìmẹ́ńtì rẹ̀ tí inú gbogbo wa dùn. Òkúta ìlú àwọn kan ni wọ́n sun tó di sìmẹ́ńtì yẹn, bóyá ìyá ẹnìkan sì sunkún lé e lórí. Kò wá sí mi lọ́kàn rí àfi báyìí tó kan tiwa.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe rèé. Kí ẹ tó fèsì, kí ẹ tó bínú sí mi pàápàá, ẹ lọ sí ahéré lọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Àkànbí. Kí àwọn tó ṣe ìpàdé yẹn bá yín lọ, kí Rónkẹ́ ka lẹ́tà yìí níbẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ẹ ní àdúrà tí ẹ ṣe àmín sí ti gbà. Ọlọ́run ti tú àṣírí ẹni náà, èmi ni.

Òkúta yín náà wà nínú ìdì, mo fi aṣọ funfun wé e. Ẹ máa rí ojú kékeré kan lára rẹ̀ tí kò dán mọ́, ibi tí ásíìdì ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Ẹ má dá a padà sínú omi, ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ fún mi. Bọ̀ọ̀dá Àkànbí ni mo fi rán sí. Lọ́jọ́ tí mo bá wálé, ahéré wọn ni màá kọ́kọ́ yà. Tí wọ́n bá gbé òkúta náà lé mi lọ́wọ́, màá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsun, màá sì dé. Tí wọn ò bá gbé e fún mi, màá wọkọ̀ padà sí Kàdúná, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ kò ní fi ẹsẹ̀ kọ àìsàn, omi Ìsun Ẹlẹ́fun kò ní gbẹ lójú yín. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, àgbà àti ọmọdé. Ẹ kí Bọ̀ọ̀dá Àkànbí kẹ́yìn, kí ó lè pẹ́ lọ́kàn wọn. Ẹ ní mo wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, àti pé títí wọ́n á fi ní kí n dìde ni.

Èmi ni ọmọ yín,
Oyèwálé