Ìdì Tábà Yín Tí Wọ́n Dáná Sun

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi. Bí mo bá fi ìkíni gígùn bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, irọ́ ni mo ń pa fún yín.

Ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí yín tó ti di wòlíì ní ilé àdúrà wa ní Odigbó, kó àwọn onísùtánà wá sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Wọ́n wá fọ ilé mọ́ nítorí ìrántí yín tó ń bọ̀. Wọ́n rí ìdì tábà yín lórí àjà ilé ìdáná, ẹ̀gbọ́n mi ní ẹrù òkùnkùn ni. Wọ́n wọ́n omi àdúrà sí i, wọ́n lu agogo lé e lórí, wọ́n gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n sì dáná sun ún. Mo pariwo títí ohùn mi fi há.

Ṣé ó tilẹ̀ mọ ohun tó sun? Kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀gá tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wa fún yín ní ojúlówó sìgá òkè òkun kan, èyí tí wọ́n fi odidi ewé tábà wé. Ẹ rọra ń mu ún fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ẹ gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á, ẹ pòṣé. Ẹlòmíràn ì bá gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀yin kọ́! Ẹ ní ẹ ó fọwọ́ ara yín ṣe irú rẹ̀. Ọ̀kadà ló gbé wa lọ sí Òrè, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó tábà bọ̀ láti Òkè-Ògùn ti máa ń sinmi. Ẹ kì í mú ewé tó wà lókè. Ẹ ó tú inú ìdì wò, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀, ẹ ó ká ewé kan mọ́ ọwọ́. Bó bá fọ́, ẹ ó dá a padà.

Nílé, ẹ ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ wé e, ẹ ó gbé e sórí kòkó tútù tí a bò mọ́lẹ̀ kó lè kan, kí ooru kòkó lè mú un rọ̀. Ìdì àkọ́kọ́ jẹrà, a jọ rẹ́rìn-ín títí. Èkejì dùn. Tábà olówó pọ́ọ́kú tó máa ń ta ọ̀fun wá ń rùn bí oyin. Ẹ ó wé e, ẹ ó fi sítáàsì ẹ̀gẹ́ lẹ̀ ẹ́. Ẹyọ kan péré ni, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí ẹ bá ti bọ́ sùtánà yín, tí ẹ sì ti ká a sínú àpótí. Ta lẹ ṣẹ̀?

Ẹ̀yin náà, mo ń bínú sí yín. Kí ló dé tí ẹ máa ń pa iná sìgá yín bí ẹ bá ti gbúròó alùpùpù ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ ò bẹ̀rù onílẹ̀, ẹ ò bẹ̀rù ejò inú oko, ọmọ tí ẹ bí nínú ara yín lẹ wá ń sá fún. Ká ní ẹ mu ún lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣé á láyà láti pè é ní ẹrù òkùnkùn? Ẹ kẹ́ ẹ bà jẹ́, Bàbá.

Tábà yín ò jó kíá. Ó ń rú èéfín ni, òórùn yín sì gba gbogbo àgbàlá. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí ojú Ìyá wa ti fọ́, òórùn yẹn ló fi ń mọ ibi tí ẹ jókòó sí. Láti ìgbà tí ẹ sì ti lọ, iyè rẹ̀ ò dúró dáadáa mọ́. Ó fọwọ́ tọ ògiri jáde, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀, ó ń fi oríkì yín pè yín, ó ń nawọ́ wá yín kiri.

Agogo dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ohùn rẹ̀ máa ń mi òrùlé ilé àdúrà, kò lọ bá Ìyá. Èmi ló ń wò. Èmi ni mo di ọwọ́ Ìyá mú, tí mo sọ fún un pé ẹ ti kú. Ó sunkún bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ń bínú síbẹ̀.