Fọ́tò Orí Yín

Bàbá mi tí mo ṣì ń kí láràárọ̀,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyí. Àpótí òjé kékeré kan, ó dé ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Abẹ́rẹ́ kan nínú rẹ̀, irin tó nípọn yí i ká. Ọkùnrin kan láti Zanguéra, ó ká ọwọ́ aṣọ sókè. Ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bàtà ọkọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, fọ́tò orí ọkùnrin náà lójú ẹ̀rọ: kò sí ibi kankan tó tàn.

Ẹ ò mọ iṣẹ́ mi tuntun. Ní ilé ìwòsàn Tokoin níbí, àwọn dókítà ń dán oògùn kan wò tó ní ìtànṣán díẹ̀ nínú. Tí wọ́n bá gún un síni lára, jẹjẹrẹ inú ọpọlọ á fà á mu, á sì tàn nínú fọ́tò. Àpá tí ìtọ́jú fi sílẹ̀ kì í tàn bẹ́ẹ̀. Agbára oògùn náà kì í pẹ́ tán, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ aago gbogbo nǹkan sílẹ̀.

Ọkùnrin yìí ti gba ìtọ́jú onítànṣán bíi tiyín. Fọ́tò rẹ̀ àtijọ́ ní àmì funfun lápá òsì, bíi tiyín gan-an. Dókítà ní àpá ìtọ́jú ni, jẹjẹrẹ ò padà. Ni ìyàwó bá ju bàtà sílẹ̀: "Wọ̀ ọ́ jàre! Ìwọ tó o ti fún àbúrò ẹ ní alùpùpù bí ẹni tó fẹ́ kú, lọ gbà á padà lónìí!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àfi bí bíírò ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ rántí ọjọ́ tí èsì tiyín dé? Èmi ni mo ka Faransé rẹ̀ fún ẹbí, torí èmi ni mo kàwé jù nílé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ padà, ó sì lè jẹ́ àpá. Ẹ̀gbọ́n yín ń kánjú: "Ọmọ yìí, ó padà àbí kò padà?" Ojú gbogbo wọn wà lára mi. Mo ní ó padà. Wọ́n dá oògùn dúró, wọ́n gbé yín lọ sílé ní Kétou, ibẹ̀ lẹ sì kú sí. Ẹ tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, Bàbá. Ẹ ní mo kà á dáadáa.

Ṣé àpá ni? Ta ni mo fẹ́ bi báyìí?

Mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mi ò kúrò. Nígbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n fà mí dìde. Wọ́n tẹ́ ẹní mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn.

Mo fẹ́ràn yín gan-an. Ọmọ yín obìnrin ni.

Aago mọ́kànlá alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo tó fẹ̀yìn lélẹ̀.