Ẹ̀gbẹ́ Ọ̀tún Tó Ń Yára Ṣẹ́jú

Jọmílójú ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ̀gá rẹ Waliyullah, mo kí gbogbo ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ jọ wà ní Old Garage, Òṣogbo. Ṣé ara le? Olúwa tó ń ṣọ́ ọ láàárín wáyà àti bátìrì kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Àwa náà wà láàyè ní Èrìn-Ìjẹ̀ṣà níbí. Ẹsẹ̀ Yèyé rẹ ti fúyẹ́. Ewúrẹ́ rẹ ti bí méjì, ọ̀kan jọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gan-an, ṣùgbọ́n a kò tíì sọ fún un.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Sátidé lo fẹ́ gbọ́, ìyẹn fírídọ̀mù rẹ tí mo ránṣẹ́ pé n kò ní wá. Mo ní ọmọbìnrin tó ka ìwé mẹ́wàá kò gbọdọ̀ máa wọ abẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí o kọ̀ tí o lọ kọ́ṣẹ́ riwáyà, iṣẹ́ iná ọkọ̀, àbúrò Yèyé rẹ ló fà ọ́ lé ọ̀gá lọ́wọ́, èmi kò tẹ̀lé yín. Bí wọ́n bá béèrè rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń sọ pé o wà níbi iṣẹ́ iná. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rò.

Ọkọ̀ wa wá bẹ̀rẹ̀ àṣà kan. Bí mo bá tẹ tráfíkétọ̀, iná tí a fi ń yà, sí òsì, á máa ṣẹ́jú wọ́ọ́rọ́wọ́ bí àgbàlagbà tí oorun ń kùn. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún, ká-ká-ká-ká, kò sinmi. Mo ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yìí mà lágbára o, ti òsì ló ti ń darúgbó, mo bá ní kí òsì sinmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ọ̀tún nìkan ni mo ń yà. Láti ilé wa sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò ju ká yà sí òsì lẹ́ẹ̀kan, mo máa ń yí gbogbo ọjà po kí n lè fi ọ̀tún débẹ̀. Yèyé rẹ fi mí sílẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n á ti kọ orin méjì kí n tó wọlé. Mo ní kò mọ ọkọ̀ ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo tẹ ọ̀tún, mo yà, ọlọ́kadà kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi. Ó ní òun kò rí iná kankan. Mo ní báwo ni kò ṣe ní rí i, nígbà tí mo ń gbọ́ ọ ketekete nínú ọkọ̀. Ọlọ́run ló yọ wá. Mo gbé e lọ bá Ògúnmọ́lá mẹ́káníìkì, ó tú fíúsì, ó dá a padà, ó ní bóyá ká pààrọ̀ gbogbo wáyà ọkọ̀ náà.

Ibẹ̀ ni Yèyé rẹ ti wá bá mi, ó fi fóònù lé mi lọ́wọ́ láìsọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ìwọ ni, èmi àti ìwọ kò sì tíì sọ̀rọ̀ láti Kérésìmesì. O ní kí n gbé fóònù súnmọ́ ibi tó ń ró. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo tún ní kí ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀ sókè, torí Òṣogbo jìnnà. O kàn gbọ́ ọ ni, o ní ẹ̀gbẹ́ tí mo ń yìn yẹn gan-an ni kò yá, pé iná ẹ̀yìn rẹ̀ ti kú, òun ló jẹ́ kí èyí tó kù máa sáré. Irin lásán, ó mọ̀ pé ẹnìkejì òun kò dáhùn mọ́, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ó ṣe mí láàánú.

O ní kí n yọ gílóòbù ẹ̀yìn, o bi mí bóyá okùn inú rẹ̀ já, mo ní kò já. O ní á jẹ́ pé ibi tó jókòó sí ló dípẹtà, kí n fi sáńpépà ha á. Mo ha á, mo dá a padà, mo tẹ ọ̀tún: wọ́ọ́rọ́wọ́, bíi ti òsì. Ògúnmọ́lá ṣí fìlà. Ó bi mí pé ta nìyẹn, mo ní ọmọ mi ni, riwáyà ni. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi nìyẹn, ara sì tù mí. Mo tún un sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Ẹnì kan ní ṣé o lè fi fóònù gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta òun, mo ní kó gba àyè lọ́wọ́ rẹ ná.

Fi owó epo díẹ̀ ránṣẹ́. Má fi sí báńkì, torí ẹ̀rọ wọn ní kí n fi nọ́ńbà àṣírí mi han òun, mo sì sọ fún un pé a kò tíì mọra tó bẹ́ẹ̀. Gbé e fún awakọ̀ tó bá ń bọ̀ ní Èrìn.

Ọwọ́ rẹ tí mo ní kò yẹ kó kan gíríìsì, Olúwa á sọ ọ́ di ọwọ́ tí gbogbo ayé ń wá. Mo ń bọ̀ ní Sátidé. Mo mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo fà ọ́ lé ọ̀gá rẹ lọ́wọ́, ojú sì ń tì mí. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ dá ọ padà fún àwọn òbí rẹ, bá mi bẹ àbúrò Yèyé rẹ kó jókòó. Jẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo máa gbà ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Micah Bọ́lárìnwá