Mi Ò Mọ Ohun Tí Màá Sọ ní Ọjọ́ Ajé

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ sì kú àárò ilé. Ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ní kí n kí yín. Oògùn orúnkún tí ẹ fi ránṣẹ́ ń bá wọn lára mu. A ti tún òrùlé ilé ìdáná tó ń jò ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan ló rú mi lójú. Níbi tí a ti ń la pákó, ọ̀gá ní kí n máa sọ̀rọ̀ nípa ààbò láràárọ̀ ọjọ́ Ajé kí a tó tan ẹ̀rọ. Mo ti sọ ti àkàbà àti ti wáyà tó bó; mo sọ ti bàtà títí ó fi sú èmi fúnra mi. Wọ́n kàn ń yán ni. Awakọ̀ wa tilẹ̀ ń bá mi parí ọ̀rọ̀!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí mi ò rí nǹkan sọ mọ́, mo ní iṣẹ́ pákó ló gba ìka méjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Kò sẹ́ni tó yán mọ́. Awakọ̀ ní, "Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?" Mo ní màá sọ ọ́ ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Màmá ní ayùn ni. Bàbá ní rárá, ẹ̀rọ ni. Èwo ni ká gbà? Ọwọ́ yẹn lẹ fi ń fà mí lọ sílé ìwé, síbẹ̀ mi ò bi yín rí.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín níbi iṣẹ́. Tí ẹ bá ní kí n má sọ ọ́ fún wọn, mi ò ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún èmi.

Àbúrò yín